Fífi iná ta ọpọlọ jí lẹ́yìn rọpárọsẹ̀: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ojú ìwé yìí wà fún ará ilé ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ, àti fún físíò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ tDCS. Ẹni tó bá wá nítorí bí wọ́n ṣe ń de pádì mọ́ orí lè fò lọ sí àárín. Ẹni tó bá fẹ́ náwó, kó kà á tán kó tó náwó.

Kí ni wọ́n ń pè ní tDCS?

Àpótí kékeré kan tó ń lo bátìrì ni. Wáyà méjì ló jáde lára rẹ̀, ọ̀kan pupa, èkejì dúdú tàbí búlúù. Pádì rọ́bà wà lẹ́nu wáyà kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kì í bọ inú kànìnkànìn tí omi iyọ̀ ti rin, wọ́n á sì fi bẹ́líìtì rọ́bà dè é mọ́ orí. Iná á gba pádì pupa wọlé, á la awọ orí, agbárí àti ọpọlọ kọjá, á gba pádì kejì jáde. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí ọ̀bẹ. Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni transcranial direct current stimulation. Iná tó ń lò kì í lọ kì í bọ̀ bíi ti NEPA. Ojú kan ló ń ṣàn sí, bíi ti tọ́ọ̀ṣì.

Ìwọ̀n rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ mílíáńpì 1 sí 2 (mA), fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20. Ṣájà fóònù lásán ń gbé áńpì 1 tàbí 2 jáde, ìyẹn ìlọ́po ẹgbẹ̀rún.

Ṣé òun kọ́ ni wọ́n fi ń gbọn àwọn tí orí wọn dàrú?

Òun kọ́. Èyí tí ẹ ń rò yẹn ni ECT. Nǹkan bí mA 800 sí 900 ni tirẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ fi oògùn pa aláìsàn ní oorun, iná náà á sì mú gìrì wá. Gìrì yẹn gan-an ni wọ́n ń wá. Ẹni tó ń gba tDCS jókòó, ojú rẹ̀ là, ó ń bá yín sọ̀rọ̀.

Físíò wa náà ní ẹ̀rọ tó ń fi iná sí apá. Ṣé kì í ṣe ọ̀kan náà ni?

Rárá. TENS, tí wọ́n fi ń dín ìrora kù, àti èyí tó ń mú kí iṣan apá fò, ara apá tàbí ẹsẹ̀ ni wọ́n ń lẹ̀ wọ́n mọ́. Wọn kì í dé ọpọlọ. Ẹ̀rọ kẹta tún wà tí àwọn ènìyàn ń pò mọ́ ọn, ìyẹn TMS, tí Anthony Barker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Sheffield, ní England, ní 1985. Agbára òòfà ni TMS ń lò, bí wọ́n bá sì gbé e sí ibi tó yẹ lórí, ẹ ó rí i tí ìka á fò. Lábẹ́ tDCS, ìka kankan kì í fò. Bí ẹnìkan bá sọ pé tDCS òun ń mú kí apá fò láti orí, ẹ dìde.

Bí ìka kò bá fò, kí wá ni iná náà ń ṣe?

Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kì í ránṣẹ́ sí iṣan títí ìtají tó ń bọ̀ wá bá a yóò fi kún dé òṣùwọ̀n kan. Iná tDCS kò tó láti mú un dé òṣùwọ̀n yẹn. Ó kàn ń sún un súnmọ́ ọn. Lábẹ́ pádì pupa, sẹ́ẹ̀lì á túbọ̀ wà ní ìmúrasílẹ̀. Lábẹ́ èyí tó jẹ́ nẹ́gátíìfù, á túbọ̀ falẹ̀. Àwọn olùwádìí méjì, Nitsche àti Paulus, ní Göttingen, ní Jámánì, ló fi èyí hàn kedere lára ènìyàn ní 2000. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n rí i pé ìṣẹ́jú 13 péré lè fi ipa sílẹ̀ tó máa wà fún nǹkan bíi wákàtí kan ààbọ̀.

Èrò pé kí a fi iná sí orí kì í ṣe tuntun. Oníṣègùn ará Róòmù kan, Scribonius Largus, ti kọ ọ́ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn pé kí wọ́n gbé ẹja oníná láàyè lé orí ẹni tí orí ń fọ́. Apẹja tó bá ti fọwọ́ ba òjìjí nínú odò wa mọ ohun tí ojú onítọ̀hún rí. Iná òjìjí ńlá lè ju fóltì 300 lọ, a sì máa mú ara gbọ̀n rìrì. Ti tDCS kò jọ bẹ́ẹ̀ rárá.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ dì mú nìyí: iná yìí kò mọ iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kí ọwọ́ kọ́. Ó rin ilẹ̀, kò gbin nǹkan kan. Ẹni tó gbé pádì lérí tó jókòó ń wo tẹlifíṣọ̀n fún ogún ìṣẹ́jú, ilẹ̀ lásán ló rin.

Irú àìlágbára wo ló lè bá a mu?

Èyí tí orísun rẹ̀ wà nínú ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ ni wọ́n sì ti wádìí rẹ̀ jù. Bí ẹsẹ̀ bá rọ nítorí abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún sí ìdí tó kan iṣan ìmọ̀lára, tàbí nítorí rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ìgbà èwe, tàbí nítorí àrùn inú ẹran ara fúnra rẹ̀, ọpọlọ kọ́ ló ní ẹ̀bi, kò sì sí ìdí láti máa fi iná ta á. Dókítà ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ibi tí ọ̀ràn wà, pẹ̀lú àwòrán ọpọlọ, CT tàbí MRI.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ohun tó ṣẹ́ kù lára ọwọ́ náà. Ṣé ó lè gbé èjìká rẹ̀ sókè sí ẹ̀gbẹ́? Ṣé ó lè la ìka díẹ̀? Ohun méjì wọ̀nyí, láàárín ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ni àwọn olùwádìí ní Auckland, ní New Zealand, fi ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ mọ bí ọwọ́ yóò ṣe padà tó. Ọwọ́ tí kò mi rárá, tí ọ̀nà tó ti ọpọlọ wá sọ́dọ̀ rẹ̀ ti já pátápátá, iná kò lè so ó padà.

Àwọn wo ni kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn?

Ẹni tí irin wà nínú orí rẹ̀: kílíìpù tí wọ́n fi di iṣan ẹ̀jẹ̀, páànù irin, ẹ̀rọ ìgbọ́ràn inú etí. Ẹni tí wọ́n ṣí agbárí rẹ̀ tí wọn kò tíì bò ó, nítorí iná á wọlé níbẹ̀ ju bí ẹ ṣe ṣírò rẹ̀ lọ. Ẹni tó ní wárápá, tàbí tí gìrì mú lẹ́yìn rọpárọsẹ̀ náà. Aboyún. Ẹni tí egbò, ifo, làpálàpá tàbí ibi tí rìláṣà jó wà níbi tí pádì máa bà lé. Kí ìyẹn kọ́kọ́ san. Ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọkàn nínú àyà, dókítà ọkàn rẹ̀ ló máa sọ.

Ṣé oògùn tí Mọ́mì ń lò lè dí i lọ́wọ́?

Ó lè dí i gan-an, ibí yìí sì ni ọ̀pọ̀ ti ń fi owó ṣòfò láìmọ̀. Carbamazepine, tí wọ́n fi ń tọ́jú gìrì, máa ń pa ipa pádì pupa. Dextromethorphan, tó wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn ikọ́ olómi tí a ń rà ní kẹ́míìsì láìsí ìwé dókítà, máa ń dènà ipa tó yẹ kó kù lẹ́yìn tí wọ́n bá pa ẹ̀rọ. Lorazepam, tí wọ́n fi ń mú ọkàn balẹ̀, náà ń yí i padà. Citalopram, tí wọ́n fi ń tọ́jú ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, dàbí ẹni pé ó ń mú un pẹ́ sí i. Ẹ kó gbogbo oògùn tó wà nílé sínú àpò kan, pẹ̀lú èyí tí ẹ rò pé kò já mọ́ nǹkan, kí ẹ gbé e lọ fún físíò. Ẹ má dá oògùn kankan dúró fúnra yín nítorí ẹ̀rọ. Oògùn gìrì tí ẹ dá dúró lójijì lè pa ènìyàn.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ibi tí pádì máa wà?

Ọ̀tún ọpọlọ ló ń darí apá òsì, òsì ọpọlọ ló ń darí apá ọ̀tún. Ẹ lè rò pé kò sí ẹni tó lè ṣe àṣìṣe yìí, ṣùgbọ́n ó rọrùn láti ṣe, pàápàá bí físíò bá dúró níwájú aláìsàn tí ọ̀tún àwọn méjèèjì ṣe òdìkejì ara wọn. Ẹ kọ “ọwọ́ ọ̀tún rọ, pádì pupa sí òsì orí” sínú fáìlì kí ẹ tó fọwọ́ kan wáyà.

Ẹ mú téèpù aṣọ. Ẹ wọ̀n láti kòtò tó wà láàárín ojú méjèèjì, níbi tí egungun imú ti bẹ̀rẹ̀, gba àtàrí kọjá, títí dé kókó egungun tó yọ ní ìpàkọ́. Ẹ sàmì sí ìdajì rẹ̀. Ẹ tún wọ̀n láti kòtò kékeré iwájú etí kan dé ti èkejì, kí téèpù gba àmì yẹn kọjá, kí ẹ sì wá ìdajì èyí náà. Ibi tí méjèèjì ti pàdé ni Cz. Láti Cz, ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀nà etí ní ìwọ̀n ìdá 20 nínú 100 gígùn láti etí dé etí. Bí ìyẹn bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 36, ẹ ó sọ̀ kalẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 7.2. Ní òsì, ibẹ̀ ni C3. Ní ọ̀tún, C4. Ibẹ̀ ni ọpọlọ ti ń pàṣẹ fún ọwọ́.

Pádì pupa á wà lórí C3 tàbí C4, ní ìhà ọpọlọ tí rọpárọsẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Pádì kejì á wà ní iwájú orí, lókè ojú, ní ìhà kejì. Àwọn kan máa ń gbé pádì kejì yìí sí C3 tàbí C4 ìhà ọpọlọ tó dá, pẹ̀lú èrò pé ìhà yẹn ń fi agbára jẹ gàba lé èyí tó farapa. Èrò náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò bá gbogbo aláìsàn mu: lára ẹni tí ìpalára rẹ̀ pọ̀, ìhà tó dá yẹn lè jẹ́ òun ló ń ran ọwọ́ náà lọ́wọ́.

Kànìnkànìn àti omi ńkọ́?

Pádì tó wọ́pọ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5 lọ́nà 7. Nǹkan bíi mílílítà 6 omi iyọ̀ tó fún ojú kọ̀ọ̀kan kànìnkànìn náà. Ẹ fi sírínjì wọ̀n ọ́n. Kó rin, kó má ro. Bó bá ń ro, omi á ṣàn gba inú irun títí dé pádì kejì, iná á sì tẹ̀ lé omi lórí awọ láìwọlé. Kódà nígbà tí gbogbo nǹkan bá lọ déédéé, ìwádìí lára òkú tó jáde ní 2018 fi hàn pé awọ àti egungun lè gba tó ìdá 75 nínú 100 iná náà kó tó dé ọpọlọ. Kò sí èyí tí a tún lè fi ṣòfò.

Normal saline inú àpò dírípù dára. Ẹ ka ara àpò náà dáadáa: dextrose jọ ọ́ lójú, ṣùgbọ́n ṣúgà ni, kì í gbé iná, á sì tún lẹ̀ mọ́ irun. Ẹ má lo omi ẹ̀rọ lásán, òun ni ó sábà máa ń wà nídìí awọ tó jó. Lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ fi omi tó mọ́ ṣan kànìnkànìn, kí ẹ sá a. Iyọ̀ tó bá gbẹ sínú rẹ̀ á le gan-an, á sì máa họ awọ lọ́jọ́ kejì.

Irun dídì àti wíìgì ńkọ́?

Àwọn ìwé tí wọ́n kọ lókè òkun kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa èyí, bẹ́ẹ̀ òun ló ń yọ wá lẹ́nu jù. Àtáṣímẹ́ǹtì kì í gbé iná. Wíìfìn tí wọ́n rán mọ́ orí kò jẹ́ kí omi iyọ̀ dé awọ. Irun tí a dì mọ́ orí lè ṣeé ṣe bí ìlà àárín rẹ̀ bá gba C3 tàbí C4 kọjá, nítorí náà ẹ sọ fún onídìrí ibi tí ìlà máa gbà kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ lè fi báírò sàmì sí i fún un. Bí irun bá wà lọ́fẹ̀ẹ́ tó sì kún, ẹ fi ẹ̀yìn kóòmù là á, kí ẹ fi omi iyọ̀ rin awọ náà, kí ẹ tó gbé kànìnkànìn lé e.

Òrí, àdín àgbọn àti ìpara irun á dènà iná. Ẹ fi ọṣẹ fọ orí lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ má fi nǹkan kan pa á. Rìláṣà tuntun kò gbọ́dọ̀ sí: awọ tó ti bó díẹ̀, tí ojú kò tíì rí, iná á kó gba ibẹ̀.

Kí ni aláìsàn máa mọ̀ lára?

Ní bíi ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, á yún un, tàbí kó dàbí ìgbà tí èèrà ń rìn lórí awọ. Ìyẹn sábà máa ń lọ. Awọ lè pọ́n díẹ̀. Lára ẹni tó dúdú, ẹ lè má rí pípọ́n yẹn, ẹ fi ọwọ́ kàn án bóyá ó gbóná tàbí ó wú. Orí fífọ́ díẹ̀ àti ó rẹ̀ mí náà wọ́pọ̀. Àkójọ kan tí wọ́n ṣe ní 2016 wo ìjókòó tó ju 33,000 lọ, kò sì rí ìpalára ńlá kan, níwọ̀n ìgbà tí iná kò bá ju mA 4 lọ, tí àkókò kò sì ju ìṣẹ́jú 40 lọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo aláìsàn ló lè sọ pé “ó ń jó mi”. Rọpárọsẹ̀ tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọ́pọ̀ nígbà tí ọwọ́ ọ̀tún bá rọ. Kí ẹ̀rọ tó tan, ẹ ti fohùn ṣọ̀kan lórí àmì kan: kó fi ọwọ́ tó dá lu itan lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ó sì pa á.

Kí ló sábà máa ń bà jẹ́, kí ló sì ń fà á?

Awọ tó jó, tó ní ìléròrò: kànìnkànìn ti gbẹ, tàbí rọ́bà ti sán tí iná ń kó gba ojú kan, tàbí bẹ́líìtì rọ̀ tí etí pádì nìkan ló kan awọ. Bí ìjókòó bá máa pẹ́ nínú ooru, ẹ fi sírínjì kún omi rẹ̀ ní àárín. Ẹ̀rọ tó dára á fi ìdènà iná hàn yín. Bó bá ju kílò-óòmù 10 lọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ tún pádì tò, ẹ má kàn tẹ̀ síwájú.

Mànàmáná tó kọ yẹ̀rì lójú aláìsàn: iná tàn tàbí kú lójijì. Ó yẹ kó máa gòkè díẹ̀díẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, kó sì sọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má yọ wáyà nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, kódà bí àlejò bá ń kan ilẹ̀kùn.

Wáyà tí wọ́n yí padà: pupa bọ́ sí ibi dúdú. Kò ní dun aláìsàn, kò sí ẹni tó máa mọ̀, ọjọ́ mẹ́wàá á sì lọ lórí mímú kí ọpọlọ falẹ̀.

Kí ẹ̀rọ náà má sì wà lórí ṣájà nígbà tó wà lórí ènìyàn. Jẹnẹrétọ̀ tí iná rẹ̀ ń gòkè ń sọ̀ kò yẹ kó ní ọ̀nà kankan dé orí aláìsàn.

Bí a bá fi iná kún un, ṣé kò ní yá kíákíá?

Ọpọlọ kì í ṣe ìkòkò ẹ̀wà. Ìwádìí kan ní 2013 fi mA 2 sí pádì nẹ́gátíìfù fún ìṣẹ́jú 20, dípò kó mú ọpọlọ falẹ̀, ńṣe ló ta á jí. Nígbà tí wọ́n fa àkókò pádì pupa gùn dé ìṣẹ́jú 26, ipa tirẹ̀ náà yí padà.

Kí ni ọwọ́ máa ṣe nígbà tí iná bá ń lọ?

Iṣẹ́, iṣẹ́ gidi, ọ̀pọ̀ ìgbà. Àwọn tó ka iye ìgbà tí ọwọ́ ń ṣe iṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, tí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2009, rí nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mejìlélọ́gbọ̀n péré nínú ìjókòó kan. Nínú ìwádìí lára ẹranko, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà ni ọwọ́ ń ṣe é kí ọpọlọ tó yí padà. Nítorí náà, ẹ ka iye. Ẹ kó ẹ̀pà 50 sínú àwo, kó máa mú un lọ́kọ̀ọ̀kan sínú ife; ẹ dà á padà, kó tún un ṣe. Pẹ́ẹ̀gì aṣọ lórí okùn. Ṣíṣí ìdérí ìgò. Bọ́tìnnì ẹ̀wù. Bó bá ti rọrùn jù, ẹ yí ẹ̀pà padà sí ẹ̀wà.

Ọ̀nà kan tí ẹ̀rí rẹ̀ lágbára láìsí iná rárá ni kí wọ́n fi ìbọ̀wọ́ de ọwọ́ tó dá, kí èyí tó rọ lè ṣiṣẹ́. Ìwádìí EXCITE ní Amẹ́ríkà dán an wò lára ènìyàn 222 fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó jáde ní 2006, àǹfààní rẹ̀ sì ṣì wà lẹ́yìn ọdún kan. Ó yẹ fún ẹni tó ṣì lè gbé ọrùn ọwọ́ sókè díẹ̀, tó sì lè la ìka.

Níbí ni ìwà ilé wa ti ń ṣe ọ̀tá ọwọ́ náà. Ẹni tí ọ̀tún rẹ̀ rọ kì í fẹ́ fi òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, kì í fẹ́ fi òsì jẹun lójú àlejò; ó fẹ́ràn kó jókòó sí yàrá. Àwọn ọmọ náà á ní “ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣe é, Dádì”, wọ́n á fi ṣíbí bọ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi òsì di ọ̀tún mú, kí wọ́n fi méjèèjì gba nǹkan. Kò sí àgbà tó máa bínú sí i, ọwọ́ ọ̀tún náà sì ti ṣiṣẹ́.

Ẹ sọ òótọ́ fún wa: ṣé ó ń ṣiṣẹ́?

Kò tíì fìdí múlẹ̀. Ní 2016, ìwádìí kan ní Oxford lò ó fún ènìyàn 24 tí rọpárọsẹ̀ wọn ti pẹ́: ìdánrawò ọwọ́ fún ọjọ́ 9, àwọn kan gba mA 1 fún ìṣẹ́jú 20, àwọn yòókù gba iná ẹ̀tàn tó tàn díẹ̀ tó sì kú. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, àwọn tó gba iná gidi ń lo ọwọ́ dáadáa ju àwọn yòókù lọ. Ìrètí pọ̀. Ní 2020, Cochrane, àjọ tó ń ṣàkójọ ìwádìí ìṣègùn, kó ìwádìí 67 jọ, ènìyàn 1,729: ó ṣeé ṣe kó ran ìgbòkègbodò ojoojúmọ́ lọ́wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n fún agbára lílo ọwọ́ gan-an, wọn kò rí ẹ̀rí tó dúró. Lẹ́yìn náà ni ìwádìí TRANSPORT2 wá, ní ọ̀pọ̀ ilé ìtọ́jú ní Amẹ́ríkà, ènìyàn 129 tí rọpárọsẹ̀ wọn kò tíì ju oṣù mẹ́fà lọ, iná ẹ̀tàn tàbí mA 2 tàbí mA 4, pẹ̀lú ìdánrawò oníbọ̀wọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2025: kò léwu, ṣùgbọ́n iná kò fi nǹkan kan kún ohun tí ìdánrawò ti ṣe.

Ojú tí a fi ń wo èyí ni pé bí owó yín bá tó fún ọ̀kan ṣoṣo nínú ẹ̀rọ àti wákàtí físíò, ẹ ra wákàtí físíò. Bí ilé ìwòsàn ńlá kan bá ń ṣe ìwádìí tó ní ìfọwọ́sí ìgbìmọ̀ ìlànà, tí wọn kò sì gba owó lọ́wọ́ yín, ẹ lè wọ̀ ọ́.

Ẹsẹ̀ ńkọ́?

Ibi tó ń darí ẹsẹ̀ wà lábẹ́ Cz, ṣùgbọ́n ó farapamọ́ sínú àárín ọpọlọ méjèèjì, iná kì í tètè dé ibẹ̀. Ẹ̀rí rẹ̀ kéré sí ti ọwọ́. Kí wọ́n máa rìn.

Mo rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣé mo lè rà á, tàbí kí oníṣẹ́ rédíò ṣe é fún mi pẹ̀lú bátìrì fóltì 9?

Ẹ má ṣe é. Bátìrì fóltì 9 láìsí ohun tó ń ṣọ́ ìwọ̀n iná, bí kànìnkànìn bá ṣe rin tàbí gbẹ ni iná á ṣe máa pọ̀ tàbí dín, kò sì sí ohun tó máa pa á bó bá kọjá ààlà. Ní 2016 àwọn onímọ̀ ọpọlọ kọ lẹ́tà sí gbangba láti kìlọ̀ fún àwọn tó ń dá a ṣe nílé. Ara ohun tí wọ́n sọ ni pé ìyípadà tó bá ṣẹlẹ̀ sí ọpọlọ lè pẹ́, ó sì lè má jẹ́ irú èyí tí ẹ fẹ́.

Lẹ́yìn ìjókòó, ṣé wọ́n lè fọ irun kí wọ́n sì fi òrí pa á?

Bẹ́ẹ̀ ni, lọ́jọ́ náà gan-an, bí awọ kò bá bó. Kí wọ́n kàn rántí fi ọṣẹ fọ òrí náà kúrò kí ilẹ̀ ọjọ́ ìjókòó tó kàn tó mọ́.